Owó Òjijì Lọ́wọ́ Ẹni Tó Wà Lójú Ọ̀nà

  

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin tí àwọn baba yín gbé ẹrù dé Kpata, tí wọ́n fi ìdí ọjà ṣe ilé, gbogbo wa là ń tọrọ owó. Ṣùgbọ́n owó tó bá dé lójijì ní ìbéèrè tirẹ̀, ìbéèrè náà sì máa ń le fún ẹni tí kò sí nílé baba rẹ̀.

Ẹ wo Mansa Musa, ọba Mali, tó gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Hajj ní ọdún 1324. Wúrà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ná ní Kàírò pọ̀ débi pé iye wúrà wálẹ̀ nínú ìlú náà. Al-Umari, tó kọ ìtàn yìí ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, sọ pé iye rẹ̀ kò tíì padà sípò. Ó tún kọ ohun kan tí ó kan àwa oníṣòwò: àwọn ọlọ́jà Kàírò rí i pé àwọn àlejò kò mọ iye ọjà, ni wọ́n bá ń ta ẹ̀wù tí kò tó dínárì kan fún wọn ní dínárì márùn-ún. Nígbà tí ọba ń padà bọ̀, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yá owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ìlú náà. Èmi kò bú u o. Sàráà tó ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ta ọjà fún àlejò ní Kpata níbí bi ara rẹ̀ léèrè apá ibi tí òun wà nínú ìtàn náà.

Ànábì wa sọ fún wa nípa ọkùnrin mẹ́ta nínú àwọn Banū Isrā'īl: adẹ́tẹ̀, apárí àti afọ́jú. Ọlọ́hun wò wọ́n sàn, Ó fún wọn ní ràkúnmí, màlúù àti àgùntàn, ìwọ̀nyí sì bí títí wọ́n fi kún àfonífojì. Lẹ́yìn náà mọ̀láíkà padà wá ní àwòrán tálákà arìnrìn-àjò tí owó ọ̀nà ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ kí òun lè dé ibi tí òun ń lọ. Méjì ní ọ̀dọ̀ baba àwọn ni àwọn ti jogún ọrọ̀ wọn. Afọ́jú nìkan ló ní kí ó mú ohun tó bá fẹ́.

Nígbà Iléyá kan, èmi àti àwọn ọmọ kéú wa gun òkè Mount Patti. Bí a ti ń sinmi, tí a ń wo ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, mo bi wọ́n pé, bí mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lónìí ńkọ́? Ọ̀kan ní mọ́tò. Ọ̀kan ní ìyàwó (wọ́n rẹ́rìn-ín). Ọ̀kan ní òun ó rán ìyá òun lọ sí Mẹ́kà, mo sì ṣe àdúà fún un. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ gbèsè. Bẹ́ẹ̀ mo mọ àwọn tó wà láàárín wọn tí wọ́n ṣì jẹ owó ọjà láti ìgbà tí omíyalé ọdún 2022 ti kó ọjà wọn lọ. Gbèsè ló ṣáájú mọ́tò, ó ṣáájú Hajj pàápàá.

Bí owó bá jẹ́ èyí tí o rí he lójú ọ̀nà tàbí nínú mọ́tò, kò tíì di tìrẹ. Mọ àpò rẹ̀ àti okùn tí wọ́n fi dì í, kí o sì kéde rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí olówó bá dé tó sì júwe rẹ̀ bó ti yẹ, tirẹ̀ ni. Owó tẹ́tẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Sūratul Mā'ida ti parí èyí.

Owó halali tó bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ, ìdá kan nínú ogójì ni sàká rẹ̀, arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹni tí ìṣirò bá rú lójú, kí ó kọ iye owó náà àti ọjọ́ tó dé sínú ìwé, kí ó sì mú un wá bá wa lẹ́yìn ìrun Alásárì.