Ìfijìn Ìwé: Ẹ̀bùn Ni tàbí Ìjẹ́wọ́ Gbèsè?

Ìfáàrà

Ọpẹ́ ni fún Allāh, Ọba tí Ó fi gègé kọ́ ọmọnìyàn ní ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàábé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ojú-ewé kan wà níwájú ìwé tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń ṣí kọjá láìkà á. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í sábà ju ìlà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń dárúkọ ẹni tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ jìn. Àwọn Lárúbáwá òde òní ń pè é ní ihdā’, ọ̀rọ̀ tí ó bá hadiyyah, èyí tí í ṣe ẹ̀bùn, tan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí wọn a máa fi ojú-ewé yìí ṣe àṣekẹ́yìn, ní alẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn yóò gbé iṣẹ́ lọ fún ẹni tí yóò dì í. Bí mo bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi kọ ohun tí wọ́n kọ, èsì wọn ni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ ìwé mi àkọ́kọ́, owó kò tó lọ́wọ́ mi. Ọlọ́rọ̀ kan ní àdúgbò wa san ìdajì owó ìtẹ̀wé náà. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ sí ojú-ewé ìfijìn, mo sì to orúkọ ìyìn mẹ́rin tẹ̀ lé e: alàánú, olùfẹ́ ẹ̀sìn, òpómúléró mọ́ṣáláṣí, baba àwọn onímọ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ní òótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo mú ẹ̀dà kan lọ fún àáfà tí ó kọ́ mi ní kéú, láti orí álífù títí mo fi parí Àlùkùránì. Ojú bàbá náà ti di bàìbàì nígbà náà. Ó ní kí n ka iwájú ìwé sí òun létí, mo sì kà á. Ó gbọ́ orúkọ ọlọ́rọ̀, ó gbọ́ àwọn ìyìn, ó sì dákẹ́ bí ẹni tí ó ń retí pé kí n máa kà á lọ. Nígbà tí ó yé e pé ibẹ̀ ni ó parí sí, ó ní, “Ọlọ́hun á gbà á ní iṣẹ́ rere.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá náà ti di olóògbé báyìí. Ìwé náà ti tán nílẹ̀, a sì fẹ́ tún un tẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí n yọ orúkọ àkọ́kọ́ kúrò, kí n fi ti àáfà mi dípò rẹ̀? Kí a tó lè dáhùn èyí, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀: nígbà tí a bá fi ìwé jìn ènìyàn, kí ni a fún un gan-an?

Bí a bá ní ẹ̀bùn ni

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀bùn ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ lédè Lárúbáwá ti fi hàn. Nínú ìlànà Imām Mālik, èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu tó láti so olùfúnni mọ́ ẹ̀bùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà kì í pé àfi bí ẹni tí a fún bá gbà á sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Bí olùfúnni bá kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀bùn náà bàjẹ́, ó sì di ohun ìní àwọn ajogún.

Ta ni ó wá gba ìwé sí ìkáwọ́ nínú gbogbo ìwé tí a ń fi jìn ènìyàn? Òǹkọ̀wé ni ó ń tà á, òun ni ó ń gba owó rẹ̀, orúkọ òun náà ni ó wà lẹ́yìn ìwé. Bí ẹnì kan bá ní òun ti fi oko òun ta ọ́ lọ́rẹ, tí ó sì ń wa iṣu ibẹ̀ lọ sọ́jà ní ọdọọdún, a kò ní pẹ́ bi í pé oko wo ni ó fi tọrẹ. Tí ó bá sì jẹ́ olóògbé ni a fi ìwé jìn, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òkú kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Sa‘d ọmọ ‘Ubādah ti ṣe é. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí òun kò sí nílé. Ó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāh máa bá a) léèrè bí sàárà tí òun bá ṣe ní orúkọ rẹ̀ yóò ṣe é ní àǹfààní. Nígbà tí Ànábì ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ọgbà rẹ̀ tọrẹ ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì fi Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí. Al-Bukhārī gba hàdíìsì náà wá. Kì í ṣe orúkọ ìyá nìkan ni Sa‘d pè, ọgbà kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Àwọn onímọ̀ yapa ẹnu lórí bóyá làádá kíka Àlùkùránì ń dé ọ̀dọ̀ òkú, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò lórí ti sàárà.

Ẹ̀bùn tún ní òfin mìíràn tí ó yẹ kí ó ba òǹkọ̀wé lẹ́rù. Bàbá Nu‘mān ọmọ Bashīr fún un ní ẹ̀bùn kan, ó sì fẹ́ kí Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Ànábì bi í bóyá ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní irú rẹ̀. Ó ní rárá. Ànábì sì pàṣẹ fún un pé kí ó bẹ̀rù Allāh, kí ó ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìyàwó méjì tàbí ọmọ márùn-ún, tí ó wá dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo níwájú ìwé tí gbogbo ayé yóò kà, kí ó rántí hàdíìsì yìí. Owó kọ́ ni ó pín, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pín nǹkan kan.

Bí a bá ní gbèsè ni

Èrò tèmi ni pé ìfijìn kì í ṣe ẹ̀bùn. Ìjẹ́wọ́ gbèsè ni, ohun tí àwọn onímọ̀ fiqh ń pè ní iqrār. Àǹfààní ti wọlé sára òǹkọ̀wé kí ó tó gbé gègé rárá: ẹnì kan kọ́ ọ, ẹnì kan bọ́ ọ, ẹnì kan fún un ní ìwé kà. Ohun tí ó ń ṣe ní ojú-ewé náà ni pé ó ń sọ ní gbangba pé òun jẹ. Ó bá ẹ̀kọ́ Ànábì mu, ẹni tí ó kọ́ wa pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ fún Allāh. Àwọn àgbà wa náà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni.

Bí ó bá jẹ́ ìjẹ́wọ́ gbèsè ni, òfin mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Àkọ́kọ́, ìjẹ́wọ́ tí ó nítumọ̀ a máa sọ iye tí a jẹ. Ahmad Bābā ti Timbuktu (1556–1627) jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ní 1594, àwọn ọmọ ogun Mòrókò mú un ní ìgbèkùn lọ sí Marrakesh, ìwé rẹ̀ sì ṣòfò. Síbẹ̀, nínú ìwé tí ó kọ nípa àwọn onímọ̀ ìlànà Mālik, tí ó parí ní Marrakesh ní 1596, ó wá àyè fún olùkọ́ rẹ̀, Muhammad Baghayogho. Kò kàn pè é ní ọ̀gbẹ́ni ńlá. Ó sọ pé ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá ni òun fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ka àwọn ìwé tí ó kọ́ òun, ó sì sọ bí bàbá náà ṣe ń yá àwọn ènìyàn ní ìwé rẹ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n, àní fún ẹni tí kò mọ̀ rí tí ó wá sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, tí kì í sì í bèèrè rẹ̀ padà. Òǹkàwé tí kò mọ Baghayogho rí lè dá a mọ̀ láti ibẹ̀. Ta ni ó lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀ láti inú “olùfẹ́ ẹ̀sìn”?

Èkejì, ìjẹ́wọ́ kì í so ẹlòmíràn. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ nìkan ni ó ń so. Mo lè jẹ́wọ́ pé ọlọ́rọ̀ náà san owó fún mi. N kò ní àṣẹ láti fi í joyè baba àwọn onímọ̀ ní orúkọ àwọn onímọ̀. Ànábì kórìíra àpọ́njù ìyìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí a da erùpẹ̀ sí ojú àwọn apọ́nni. Èyí kò sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kọ ìwé fún alágbára. Al-Maghīlī kọ ìwé fún Muhammad Rumfa, ẹni tí ó jọba ní Kánò láti 1463 sí 1499, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ lórí ojúṣe ọba ni ó kún inú rẹ̀. Gbèsè òtítọ́ ni onímọ̀ jẹ ọba, al-Maghīlī sì san án.

Ẹ̀kẹta, ìjẹ́wọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ṣe é yí padà. Ẹni tí ó ti jẹ́wọ́ lánàá pé òun jẹ Lágbájá, kò lè sọ lónìí pé òun kò jẹ ẹ́ mọ́. Ibn Khaldūn fi ẹ̀dà ìwé ìtàn rẹ̀ ta ọba Tunis lọ́rẹ ní 1382. Nígbà tí ó di ará Íjíbítì, ẹ̀dà mìíràn lọ sọ́dọ̀ ọba Mòrókò, ó sì di wakf fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìkàwé Qarawiyyīn ní Fez. Ayé ìgbà náà, ọwọ́ ni a fi ń ṣe àdàkọ ìwé, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì lè ní olówó tirẹ̀. Ní tiwa, ìtẹ̀jáde kan ń pa èkejì rẹ́. Bí mo bá yọ orúkọ ọlọ́rọ̀ náà, yóò dà bí ẹni pé n kò jẹ ẹ́ rí.

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà àbáyọ wà: kí òǹkọ̀wé kọ pé Allāh ni òun fi ìwé jìn, kí ó dákẹ́. N kò bá ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n bisimillāhi tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìwé àti ọpẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ti sọ ìyẹn, inú ọkàn sì ni ibùgbé àníyàn. Mo bẹ̀rù pé nígbà mìíràn, a ń sá sẹ́yìn orúkọ Allāh kí a má baà dárúkọ ẹ̀dá tí a jẹ ní gbèsè.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí mo pinnu láti ṣe nìyí. Orúkọ ọlọ́rọ̀ náà yóò dúró, ìyìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò kúrò, n óò sì kọ ohun tí ó ṣe gan-an: pé ó san ìdajì owó ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ nígbà tí ọwọ́ mi kò tó o, kò sì bèèrè nǹkan kan. Mo lọ sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ti àkọ́kọ́ máa ń ti òun lójú bí àlejò bá kà á.

Orúkọ àáfà mi yóò ṣáájú tirẹ̀, nítorí gbèsè rẹ̀ ni ó pẹ́ jù. N óò kọ pé òun ni ó di ọwọ́ mi mú lórí wàláà, pé ó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ mi, àti pé lọ́jọ́ tí bàbá mi kò rí owó kéú san, kò lé mi padà sílé. Nítorí pé ikú ti ya wá, ìjẹ́wọ́ nìkan kò tó. Ogójì ẹ̀dà nínú ìtẹ̀jáde yìí kò ní dé ọjà. Ilé-kéú tí ó fi sílẹ̀ ni wọn yóò máa wà, kí làádá rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé e. Àkọ́bí rẹ̀ ni n óò kó wọn fún, n óò sì ka iwájú ìwé sí i létí.

Mo ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níyànjú pé kí wọ́n má fi ojú-ewé yìí ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé: ta ni mo jẹ, kí ni mo jẹ ẹ́, ṣé ẹni náà yóò gbà pé òótọ́ ni bí wọ́n bá kà á sí i létí? Allāh ni Ó mọ̀ jù.