TA NI Ó YẸ KÍ Ó BẸ́ SÓMI?

Bí ọmọ ọlọ́mọ bá ń rì lójú wa ní etí òkun, ǹjẹ́ dandan ni kí á bẹ́ sómi tọ̀ ọ́? Bí a bá bi àwọn àgbà, wọn yóò ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá sì tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọn yóò ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ẹnu kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ọ̀kan ń lé wa wọ omi, èkejì ń fà wá sẹ́yìn. Èwo ni kí á tẹ̀lé?

Èmi tí mo ń gbé Thomas Estate ní Ajah kò lè ka ìbéèrè yìí sí eré ọpọlọ lásán. Ilẹ̀ tóóró ni ilẹ̀ wa láti Lekki dé Ajah: ọ̀sà ń bẹ ní apá àríwá, òkun ńlá ń bẹ ní apá gúúsù. Ní ọjọ́ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ a máa rọ́ lọ sí etí òkun láti ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ omi í wẹ̀. Inú odò tàbí ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀sà kì í sì í ṣe òkun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ru ní Kuramo ní Victoria Island, ó sì gbá àgọ́ àti ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí òkun bá ru kí ó tó pani.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti ń ṣe é. Ìgbì a máa kó omi wá sí etí iyanrìn, omi náà kò sì ní ṣàì padà. Ibi tí ó bá ti rí àlàfo láàrin òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ni yóò gbà sáré padà sójú agbami. Ojú ibẹ̀ a máa parọ́rọ́, nítorí ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlejò a sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni ó dára jù láti lúwẹ̀ẹ́. Nígbà mìíràn, eré omi náà a máa ju mítà 2 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìwọ̀nba òmùwẹ̀ tí ó yára jù láyé ni ó sì lè wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni ó ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ń bá a jà láti padà sílẹ̀ tààrà ni àárẹ̀ ń mú, àárẹ̀ náà ni ó sì ń rì í. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tí ó léfòó, tí ó sì wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, a máa rí ọ̀nà jáde, nítorí omi náà kò fẹ̀.

Nítorí náà, èmi kò gbà pé ojo ni ẹni tí kò bẹ́ sómi. Ẹni tí ó ń rì a máa di ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà mú, òkú kan a sì di méjì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí á káwọ́ gbera. Kí á ké sí àwọn tí ó mọṣẹ́; kí á ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu; kí á nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ẹni tí ó dúró tí ó ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ni kò ní àwíjàre.

Ẹnìkan lè wí pé: “Bí okùn kò bá sí ńkọ́?” Ìbéèrè gidi nìyí, kò sì yẹ kí á bi ẹni tí ó dúró sórí iyanrìn nìkan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1938, ìgbì ńlá gbá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní etí òkun Bondi ní Sydney, ní Ọsirélíà. Ènìyàn 5 kú, ṣùgbọ́n nǹkan bí 250 ni a gbà là, nítorí àwọn òmùwẹ̀ tí a ti kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn wọn. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbàlà; ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni.

Ohun tí mo rí nìyí: gbèsè ẹ̀mí ọmọ náà ti wà lọ́rùn wa kí ó tó wọ omi. Ẹni tí ó gba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbà á sí ìkáwọ́. Òun ni ó yẹ kí ó gba àwọn òmùwẹ̀ síṣẹ́, kí ó ta àsíá pupa síbi tí ó léwu. Ìjọba ni ó yẹ kí ó rí i pé ó ṣe é. Àwa òbí àti olùkọ́ ni ó yẹ kí á kọ́ ọmọ bí omi ti ń fani. Bí gbogbo wa bá kọ̀, tí a wá ń retí kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọjá lọ fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè náà, a rẹ́ ẹ jẹ. Bí ó bá sì kú, tí a pè é ní akọni, ìyìn náà kò san gbèsè wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà méjèèjì kò takora mọ́ lójú mi. Àgbà tí ó wà lọ́jà kì í dúró dìgbà tí òkun bá hó. Ọdún ń bọ̀, ọ̀dọ́ yóò sì tún rọ́ lọ sí etí òkun. Ẹ jẹ́ kí á wá okùn náà nísinsìnyí.