Kọ́kọ́ Jókòó Ṣírò Rẹ̀

Bíbélì kíkà: Lúùkù 14:28-30



Jésù ní ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Ìṣirò yẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ìwọ ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó o fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mú èsì WAEC rẹ jáde lónìí, kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Wọn kì í gbà ju ìjókòó méjì lọ. Bí Físíìsì bá kù, ààwẹ̀ ò ní bá ọ kọ ọ́. Lọ forúkọ sílẹ̀ fún GCE.

Ṣé ojú ń tì ọ́ láti padà sídìí ìwé sẹ́kọ́ńdìrì? Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Jésù ni ẹni tí kò jókòó ṣírò, kì í ṣe ẹni tó jókòó. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n máa fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́la. Má fojú kékeré wo ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní sùúrù láti jókòó kàwé, àti ọkàn tó ń ṣàánú aláìsàn. Àmín.

Ọjọ́ òní á sàn wá o.