Ibùsọ̀ fún Ẹlẹ́rù

Ẹ̀yin ará ọ̀wọ́n nínú Kristi, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa li èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè náà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò: "rest", èyí tí àwa ń pè ní sinmi.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó pa pọ̀ sínú ìró kan yìí. Èkínní ti inú èdè Látìnì wá, ó gba èdè Faransé kọjá; ìtumọ̀ rẹ̀ ni láti ṣẹ́kù. Èkejì, tí í ṣe ti ìsinmi, jẹ́ ogún àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì. Nínú èdè Jámánì àtijọ́, ìbátan rẹ̀ túmọ̀ sí ìsinmi, ó sì túmọ̀ sí ìwọ̀n ọ̀nà pẹ̀lú. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ Bíbélì fún àwọn Gótì, tí èdè wọn bá ti Gẹ̀ẹ́sì tan, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, "rasta" ni a kọ sí Mátíù 5:41 fún máìlì kan tí a fi agbára mú ènìyàn rìn.

Èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Àwa náà ń fi ibùsọ̀ wọn ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ẹlẹ́rù gbé ń sọ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ iyì ìsinmi.

Ǹjẹ́ ta ni ń ru ẹrù tiwa? Nínú Deuterónómì 5:14, Ọlọ́run kò fi ìsinmi fún baálé nìkan. Ó ní kí ìránṣẹ́ rẹ̀, l'ọ́kùnrin l'óbìnrin, sinmi bí òun tìkára rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ilé onígbàgbọ́ mìíràn, bí agogo ìsìn ti ń dún, ọmọ tí a gbà tọ́ ń pọnmi, ó ń gúnyán; ọmọ-iṣẹ́ sì ń ṣọ́ ìsọ̀. A wọ aṣọ funfun lọ sí ilé Olúwa, òógùn ẹlòmíràn ni a sì fi fọ̀ ọ́.

Àwa tí ń bẹ Kristi pé kí ó sọ ẹrù wa kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí ní Mátíù 11:28, báwo ni a ó ti ṣe di ẹrù lé ọmọ ọlọ́mọ lórí li ọjọ́ rẹ̀? Hébérù 4:9 kọ́ wa pé ìsinmi kan ṣẹ́kù tí Ọlọ́run pa mọ́ de àwọn tirẹ̀. Ọmọ náà ní ìpín nínú rẹ̀ bí àwa ti ní.

Nítorínáà, ẹ jẹ́ kí a parí iṣẹ́ ilé li ọjọ́ Àbámẹ́ta. Li ọjọ́ Ìsinmi, kí ọmọ náà wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sì bá wa jókòó nínú ìjọ. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.