Ṣé Àìmọ̀ Olùtà Ni Èrè Olùrà?

Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ẹni tí ó ń tà ni a máa ń fojú sí lára. A kì í sábà béèrè bóyá ẹni tí ó ń rà náà jẹ gbèsè òtítọ́. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, a ó sì fi fèrè sasofóònù àlòkù, irú èyí tí a ń pè ní tẹ́nọ̀, ṣe àpẹẹrẹ.

Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí fèrè yìí ní Paris ní ọdún 1846. Láti ìgbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ṣe é dára débi pé àlòkù tiwọn wọ́n ju tuntun ẹlòmíràn lọ. Mark VI, tí Selmer ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1954, wà lára èyí tí àwọn afunfèrè ń wá kiri títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọ̀dọ́ kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan rí irú fèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ opó tí ń ta ẹrù olóògbé ọkọ rẹ̀. Iye tí opó náà dá lé e kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó tọ́ sí i. Ó wá béèrè pé: “Ọmọ mi, ṣé iye yìí dára?” Kí ni kí ọ̀dọ́ náà sọ?

Àwọn kan yóò ní kí ó dákẹ́, kí ó sanwó. Àwíjàre wọn kì í ṣe asán. Wọ́n ní làálàá ni ó fi kó ìmọ̀ rẹ̀ jọ, àti pé àgbẹ̀ tí ó mọ ilẹ̀ ọlọ́ràá ṣáájú ẹlòmíràn kì í ṣe olè. Wọ́n tún ní fèrè náà yóò dé ọwọ́ ẹni tí yóò fun ún, dípò kí eruku máa bò ó nínú àpótí.

A gbà pé ìmọ̀ ní èrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè opó yẹn ti yí ọ̀rọ̀ padà: kì í ṣe ọjà nìkan ni ó gbé lé ọ̀dọ́ náà lọ́wọ́, ó gbé ìgbẹ́kẹ̀lé lé e pẹ̀lú. Ìdákẹ́ lẹ́yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, irọ́ tí kò lo ẹnu ni. Bí kò bá tilẹ̀ béèrè, ohun tí ó fà á ni pé kò mọ̀ pé ìbéèrè wà. Ti oníṣòwò tí ń ta fèrè jẹun yàtọ̀: a kò gbọdọ̀ purọ́ fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ iye ọjà rẹ̀.

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Àwọn fèrè kan wà tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ohùn wọn ga ju òṣùwọ̀n òde òní lọ. Wọn kò lè bá ẹgbẹ́ olórin ṣe déédéé. Bí olùtà bá mọ èyí tí ó sì dákẹ́, a ó pariwo pé ó lù wá ní jìbìtì. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ara wa. Àìlówó kò sọ ohun tí kò tọ́ di títọ́.

Ǹjẹ́ ọ̀nà wá dí mọ́ aláìlówó bí? Rárá. Kí ó sọ gbogbo òtítọ́: pé fèrè náà níye lórí, àti pé awọ tí ń dí ihò rẹ̀ ti gbó, tí pípààrọ̀ wọn yóò náni lówó gidi. Kí àwọn méjèèjì jọ wá iye tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, tàbí kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ó wo ohun tí ayé kò kà sí. Conn àti Buescher, ní ìlú Elkhart ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀pọ̀ fèrè tí wọ́n fín orúkọ oníṣọ́ọ̀bù sí lára dípò tiwọn. Owó wọn kéré nítorí orúkọ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí a tún fi ọ̀dà dídán kùn: àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ lè kọ̀ ọ́, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ lè dùn. Níbẹ̀, ìmọ̀ ń ṣiṣẹ́ láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí pé àwọn tí ó mọ ọjà náà ni wọ́n fi í sílẹ̀.

Èrè tí a rí nínú ohun tí ayé kò kà sí, tiwa ni. Èyí tí a rí nínú ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlòmíràn, gbèsè ni, bí ó ti wù kí fèrè náà dún tó.