Ta Ni Yóò San Owó Àìmọ̀?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí àwa tí a la ọdún 2020 já gbé yẹ̀ wò: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, ta ni ó yẹ kí ó san owó ìdènà rẹ̀?

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún náà, àṣẹ kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó nítorí àrùn Kòrónà. A kò sì dẹ okùn rẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ń gba owó oṣù jókòó, owó rẹ̀ sì ń wọlé; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alágbàṣe àti awakọ̀, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ òní jẹun òní, ni ọwọ́ wọn ṣófo. Àwọn àgbà sì ti wí pé, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Èé ṣe tí a fi sé gbogbo ènìyàn mọ́lé? Nítorí pé a kò mọ ẹni tí àrùn náà wà lára rẹ̀ ni. Ẹni tí kò ṣe òjòjò rárá lè kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìsémọ́lé ni owó tí a ń san fún àìmọ̀. Àyẹ̀wò ni owó ìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù. Ní ọdún 2015, àrùn èémí kan tí a ń pè ní MERS pa ènìyàn 38 níbẹ̀, wọ́n sì fi í kọ́gbọ́n. Nígbà tí Kòrónà dé, kí oṣù Kẹta 2020 tó parí, àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe ju 400,000 lọ. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sé gbogbo ìlú mọ́lé. Ní Nàìjíríà, tí ènìyàn inú rẹ̀ tó 200 mílíọ̀nù, àyẹ̀wò tí a ṣe kò tó 30,000 títí a fi dẹ okùn Èkó.

Ẹnìkan lè wí pé àyẹ̀wò wọ́n. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àìmọ̀ pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó àyẹ̀wò a máa ti àpò ìlú jáde, gbogbo wa ni a sì jọ ń san án. Owó ìsémọ́lé a máa ti inú ìkòkò ọbẹ̀ aláìní jáde. Èmi kò wí pé kí a má ṣe sé ìlú bí ewu bá dé lójijì. Ohun tí mo wí ni pé, ìjọba tí ó bá ní kí tálákà jókòó sílé ti jẹ ẹ́ ní gbèsè méjì: oúnjẹ ọjọ́ tí ó fi jókòó, àti àyẹ̀wò tí yóò mú kí ọjọ́ náà kúrú. Ìgbà àlàáfíà ni a sì ń pèsè èkejì sílẹ̀.