Ta Ni A Ń Pè sí Ìgbéyàwó, Kí Sì Ni A Pè É Wá Ṣe?

Nígbà tí a bá ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó ní Ìgèdè-Èkìtì, tí a ti rí i pé kò bọ́ sí àárín Lẹ́ńtì tí ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà kì í fẹ́ so ọkọ àti aya pọ̀, tí kò sì bọ́ sínú oṣù Ràmàdánì bí ó bá jẹ́ ìdílé Mùsùlùmí, tí a sì ti wádìí dájú pé kò sí òkú àgbà kan nílẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba Sátidé náà mọ́ wa lọ́wọ́, iṣẹ́ kan ni ó kù tí ó lè tú agbo ilé ká bí a kò bá rọra ṣe é, èyí nì ni pé kí a jókòó, kí a mú bírò, kí a sì kọ orúkọ àwọn tí a óò pè. Ìyá ìyàwó yóò ka àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, bàbá yóò ka àwọn tí wọ́n jọ kàwé, àwọn ọmọ yóò ka ọ̀rẹ́ tí ó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ yóò ti pọ̀ ju àga inú gbọ̀ngàn tí a gbà ní Adó lọ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò pa orúkọ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pípa orúkọ rẹ́ yìí ni mo fẹ́ rò wò, nítorí ìbéèrè kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó ju ọ̀rọ̀ àga àti abọ́ oúnjẹ lọ: kí ni a ń pe ènìyàn wá ṣe gan-an?

Bí ó bá ṣe pé ẹ̀bùn lásán ni ìpè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú pé a kò fún òun, nítorí a kì í bá olówó jà pé kò ta wá lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó bá mọ Èkìtì Kété, ọmọ olókè, mọ̀ pé “wọn kò sọ fún mi” jẹ́ ẹ̀sùn tí ó lè wà nínú ìdílé títí tí ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó náà yóò fi tó gbéyàwó tirẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sunkún oúnjẹ. Iyán wà nílé rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí iyán tirẹ̀ kúnná ju èyí tí alásè gbé jáde lọ. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí tí kò ṣojú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ìgbéyàwó náà bá di ọ̀rọ̀ lọ́la, tí àwọn àgbà sì pé jọ láti tún un ṣe, kò ní lè dìde láàárín wọn kí ó ní, “Ojú mi ni ó ṣe.” Ẹ̀rí ni wọ́n fi dù ú, kì í ṣe ẹran.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn àtijọ́ a máa sọ pé láyé àwọn baba wa kò sí ìwé ìpè, nítorí náà kò sí ẹni tí a yọ sílẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà tí ó jẹ́ pé ìránṣẹ́ ni ó ń lọ ní ìdájí, kí olúkúlùkù tó forí lé oko, olórí ẹbí ni a kọ́kọ́ ń lọ bá, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá, lẹ́yìn wọn ìdílé ìyá àti àwọn àgbà àdúgbò. Ẹni tí ó bá sì ti ẹnu ará ọjà gbọ́ kí ìránṣẹ́ tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ ipò tí wọ́n fi òun sí. Ìwé orúkọ ti wà láti ìgbà náà, inú àwọn àgbà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń bi àlejò léèrè káàdì.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé òfin gan-an wà lẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ wa, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti inú èyí tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1884, pàṣẹ pé kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí a bá ń so tọkọtaya pọ̀, láàárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ń ṣe ètò náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́, nítorí láti ìgbà ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Látéránì ní Róòmù ní 1215 ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé kí a kéde ìgbéyàwó ní gbangba, àwọn Áńgílíkà wa sì ń ka ìkéde náà títí di òní ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Ẹ wo irú ìpè tí èyí jẹ́! Ẹni tí ó ní ohun tí yóò fi tako ìgbéyàwó náà ni àlùfáà ń bẹ̀ pé kí ó wá sọ̀rọ̀, kí ó tó di pé a ronú kan ọ̀rẹ́ tí yóò wá jó. Bí àwọn Mùsùlùmí bá sì ń so yìgì, ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fẹ́ ìgbéyàwó abẹ́lẹ̀. Nítorí náà òfin, ìjọ àti mọ́sáláṣí ti ṣí ilẹ̀kùn. Gbọ̀ngàn àsè ni àwa fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Ẹnìkan lè sọ pé àsè yàtọ̀ sí ẹ̀rí, pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́rìí kí ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì máa lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n Jésù àti Ànábì Muhammad kò fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14, Jésù sọ fún ẹni tí ó pè é jẹun pé kí ó má ṣe máa pe ọ̀rẹ́, ará àti aládùúgbò olówó tí yóò pè é padà, bí kò ṣe tálákà, arọ àti afọ́jú; hádíìsì tí ó ti ọ̀dọ̀ Abu Huraira wá sì ka àsè ìgbéyàwó tí a pe olówó sí tí a fi tálákà sílẹ̀ kún oúnjẹ tí ó burú jù lọ. Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti ń ní ìṣòro, nítorí a ní ìwé mìíràn nínú àpótí, èyí tí a kọ owó tí oníkálùkù fún wa sí, kí a lè mọ iye tí a óò gbé lọ nígbà tí ó bá kan tirẹ̀. Àwọn oníwàásù a máa bú ìwé yìí. N kò ní bá wọn bú u. Bí mo ti jẹ́rìí fún ọ ni ìwọ náà ń jẹ́rìí fún mi, ẹni tí kì í sì í lọ sí ti ẹnikẹ́ni ni òun nìkan yóò jókòó sí tirẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ lọ sí ìgbéyàwó ní Kánà, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ó fi mọ̀ pé wáìnì ti tán kí àwọn àlejò tó mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó tán nílé ìdáná, ẹbí ni.

Ohun tí mo rò pé Lúùkù ń bá wí ni ọwọ́ tí ó mú bírò. Kì í ṣe orúkọ ọlọ́lá tí a kò mọ̀ rí, tí kò sì ní wá, ni a kọ́kọ́ ń pa rẹ́. Ti opó tí ó pọn omi nígbà tí a sọ ìyàwó lórúkọ ni, nítorí a mọ̀ pé kò ní nǹkan tí yóò mú bọ̀, a sì mọ̀ pé kò ní jà. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, ẹsẹ̀ dá. Opó yẹn kò sí lára ẹsẹ̀ tí í dá.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí aṣọ ẹbí. Nínú òwe tí ó wà ní Mátíù orí 22, ọba ní kí wọ́n gbé ẹni tí kò wọ aṣọ ìgbéyàwó jù síta, mo sì ti gbọ́ tí àwọn kan fi èyí ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn pé kí a má gbé oúnjẹ fún ẹni tí kò ra aṣọ. Wọ́n gbàgbé pé láti ìta òpópónà ni a ti kó àwọn àlejò náà wá, àwọn olùtumọ̀ kan sì sọ pé ọba náà ni ó pèsè aṣọ fún wọn. Tiwa, àlejò ni ó ń sanwó. Àwọn baba wa ní ènìyàn ni aṣọ. Àwa ti wá sọ aṣọ di ènìyàn.

Ní ti ìpè orí fóònù, n kò kórìíra rẹ̀; báwo ni ẹni tí ó wà ní Houston ìbá ṣe gbọ́? Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, àgbà tí ó wà ní Ìgèdè tí a fi àwòrán ránṣẹ́ sí nígbà tí ọkọ̀ wa ń ti Ìyìn gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá sí Àràmọ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí ìjọba dín iye ènìyàn tí ó lè péjọ kù, ọ̀pọ̀ ẹbí jókòó sílé, wọ́n sì wo ìgbéyàwó lórí fóònù. Wọn kò jẹ, wọn kò mu, ìbínú tí mo gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí wọ́n sọ fún wọn, ojú wọn sì tó o.

Ó wá ku ẹni tí a ń bá jà. Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní kí a má pè é, kí ó má baà ba ayọ̀ jẹ́, bí ó bá sì jẹ́ àsè nìkan ni a pe ènìyàn sí, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rí, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí tí ó wúlò jù, nítorí ta ni í ka ẹ̀rí ọ̀rẹ́ sí? Ẹni tí kò fẹ́ràn wa, tí ó gbọ́ ìkéde, tí kò rí nǹkan sọ, tí ó tún jókòó jẹ nínú ẹran náà, ẹnu rẹ̀ ti wọhò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi yóò ní kí a rán àgbà méjì sí i ní ìdájí, láìmú káàdì dání, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí ó mọ ohun tí ó fa ìjà, kí èkejì má mọ̀ ọ́n rárá. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ fún ìyá ìyàwó kí wọ́n tó lọ, nítorí òun ni yóò bu oúnjẹ fún un.